Àká Great Coxwell: Ilé Ọkà tó Pẹ́ ju Ilé Ìsìn Àwọn tó Kọ́ Ọ Lọ

Ní tòsí Faringdon, ìlú kékeré kan ní ẹkùn Oxfordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Great Coxwell. Àká olókùúta kan ló sọ abúlé náà di mímọ̀, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún méje ọdún tó ti dúró síbẹ̀. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 152, ó fẹ̀ tó 44, ó sì ga tó 48 láti ilẹ̀ dé ṣóńṣó òrùlé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọnú rẹ̀ sábà máa ń rántí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí àyè gbayawu ló wà láàárín, òpó igi ràbàtà-ràbàtà sì tò ní ìlà méjì lápá ọ̀tún àti lápá òsì. William Morris, akéwì àti oníṣẹ́ ọnà tó gba ilé sí Kelmscott nítòsí ibẹ̀ ní 1871, fẹ́ràn àká yìí débi pé ó gbé iyì rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti kàtídírà. Láti ìgbà náà ni ìyìn yẹn ti di ohun tí ẹnu gbogbo ènìyàn ń sọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbèjà rẹ̀. Inú rere ni Morris fi sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì mú. Síbẹ̀, mo rò pé ìyìn náà ti ṣi àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ lọ́nà. Tí a bá ní kí á tọ́jú àká nítorí pé ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì, a ti gbà láìsọ ọ́ pé ilé ọkà fúnra rẹ̀ kò ní iyì tirẹ̀, àfi èyí tó bá yá lọ́wọ́ ilé àdúrà. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín yàtọ̀: àká Great Coxwell níye lórí nítorí pé àká ni. Gbogbo ẹwà tó ní, ọkà ló bèèrè fún un. Ẹ̀rí tó sì ń jẹ́ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe jẹun, àti ta ló kó èrè lọ, kò sí kàtídírà kankan tó lè jẹ́ irú rẹ̀.

Àwọn tó kọ́ ọ kò gbé ní Great Coxwell. Ní 1203 ni Ọba John fún àwọn mọ́ǹkì ẹgbẹ́ Cistercian ní ilẹ̀ Faringdon. Lọ́dún kejì, ìyẹn 1204, ó tẹ̀ wọ́n dó sí Beaulieu, nínú igbó ńlá tí wọ́n ń pè ní New Forest ní Hampshire, tó fi bíi kìlómítà 90 jìnnà sí Coxwell. Cîteaux nílẹ̀ Faransé ni ẹgbẹ́ mọ́ǹkì yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1098, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ di mọ́ ni pé àwọn kò ní máa jẹ ìdámẹ́wàá oko ẹlòmíràn, ọwọ́ ara wọn ni wọn yóò fi dáko. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ní oko ńláńlá kiri, tí wọ́n ń fi àwọn arákùnrin òṣìṣẹ́ ṣọ́, ìyẹn àwọn tó jẹ́ẹ̀jẹ́ ìsìn ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ oko jẹ́ ojúṣe wọn ju àdúrà kíkọ lọ. Bí ọ̀rúndún kẹtàlá ṣe ń lọ, alágbàṣe àti ará abúlé tó jẹ oko náà ní iṣẹ́ ni wọ́n túbọ̀ ń lò. Ìwé ìṣirò owó Beaulieu ti ọdún 1269 sí 1270 ṣì wà dòní, ó sì jẹ́ ohun ìyanu fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé ìsìn ṣe ń ṣòwò. Oko kọ̀ọ̀kan àti ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ìwé tirẹ̀, tí wọ́n ti ń ṣírò ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe àká Coxwell ní àká ìdámẹ́wàá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkà tí ìjọ fi sin àlùfáà kọ́ ló wọ ibẹ̀, ọkà oko àwọn mọ́ǹkì fúnra wọn ni. Ilé okòwò ni, tó jìnnà sí olówó rẹ̀, tó sì gbọ́dọ̀ máa bá iṣẹ́ lọ láìsí ojú ọ̀gá níbẹ̀.

Igi inú rẹ̀ ló sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa. Fún ọdún pípẹ́, ojú lásán làwọn onímọ̀ fi ń díwọ̀n, títí Walter Horn, onímọ̀ ìtàn ọnà, àti Ernest Born, ayàwòrán ilé, fi wọn àká náà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, tí wọ́n sì tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní 1965. Lẹ́yìn náà ni kíka òrùka inú igi dé. Lọ́dọọdún ni igi óákù ń fi òrùka kan kún ara rẹ̀ lábẹ́ èèpo. Lọ́dún tí òjò bá rọ̀ dáadáa, òrùka a fẹ̀, lọ́dún ọ̀dá a sì tínrín. Bí ọdún fífẹ̀ àti ọdún títínrín ṣe tẹ̀ léra wọn kò jọra láti ìgbà kan sí òmíràn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fi òrùka inú òpó àtijọ́ wé ti àwọn igi tí a ti mọ ọjọ́ wọn lè sọ ọdún tí wọ́n gé e. Bíi 1291 sí 1292 ni ti Great Coxwell. Ọdún tí wọ́n gé igi kò sì jìnnà sí ọdún tí wọ́n kọ́lé, nítorí igi tútù ni àwọn káfíńtà ìgbà náà ń gbẹ́. Óákù tó bá gbẹ tán a le jù fún àáké. Wọn a gbẹ́ igi kọ̀ọ̀kan nílẹ̀, wọn a dán an wò mọ́ ẹnìkejì rẹ̀, wọn a sàmì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan kí ó má bàa dàrú, kí wọ́n tó wá gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Èèkàn igi ni wọ́n fi de oríkèé pọ̀, kì í ṣe ìṣó. Bí igi tútù yìí ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni oríkèé ń fún mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rí mi wà. Òkúta ẹfun Cotswold tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni ògiri rẹ̀. Òkúta wẹẹrẹ tí wọn kò gbẹ́ dán ni wọ́n fi mọ èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n níbi tí agbára ti gbọ́dọ̀ wà, ní igun ilé àti lára àwọn òpó òkúta tó fẹ̀yìn ti ògiri láti òde, òkúta gbígbẹ́ tó ní igun mímú ni wọ́n tò. Ẹni tó ń ṣírò owó ló lè kọ́lé báyìí: ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó náwó sí, ó mọ ibi tí kò yẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì a máa gbẹ́ òkúta níbi tí ojú Ọlọ́run àti ojú ènìyàn yóò ti rí i, àká yìí gbẹ́ òkúta níbi tí ẹrù wà. Nínú ilé, òpó óákù ló gbé òrùlé, ṣùgbọ́n òpó náà kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ òkúta tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, tó ga ju ènìyàn lọ, ni ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lé. Àgbẹ̀ Yorùbá tó gbé àká àgbàdo rẹ̀ lé ẹsẹ̀ igi, tó ń dáná sábẹ́ rẹ̀, mọ ohun tó ń sá fún: ọ̀rinrin ilẹ̀, ikán, eku àti kòkòrò. Ọ̀rinrin kan náà ni káfíńtà Coxwell ń sá fún, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Níbi tí a ti gbé ọkà sókè nílé wa, òpó ni wọ́n gbé sókè níbẹ̀, torí pé ìtí ọkà ni wọ́n ń kó jọ láti ilẹ̀ dé òkè, ìtí tó bá sì fi ara ti òpó óákù lójú ilẹ̀ tútù yóò jẹ́ kí ó jẹrà láàárín ọdún mélòó kan. Ìpìlẹ̀ òkúta yìí tún ń gba ìkọlù kẹ̀kẹ́ ẹrù lára òpó, ó sì jẹ́ kí wọ́n lè fi igi tí kò gùn jù dé ibi gíga. Òye ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ìdí kan náà ló ṣàlàyé ìlà òpó méjì tó ń mú àwọn àlejò rántí ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 44, kò sì rọrùn láti rí igi óákù kan ṣoṣo tó lè dábùú irú àyè bẹ́ẹ̀ kó sì gbé òrùlé òkúta láìtẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, àwọn tó tóbi jù lọ wà nísàlẹ̀ lẹ́nu ògiri, wọ́n sì ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń gòkè lọ dé ṣóńṣó. Ní ìsàlẹ̀ ni omi òjò púpọ̀ ti ń ṣàn kọjá, níbẹ̀ ni oríkèé díẹ̀ ti dára jù. Lókè, òkúta kékeré ni kò ní dá ẹrù wúwo lé igi. Àwọn òpó ń gba ìwúwo yìí sọ̀ kalẹ̀ tààrà, wọn kò jẹ́ kí ó ti ògiri síta. Bí ṣọ́ọ̀ṣì àti àká bá wá jọra, ìṣòro kan náà ni káfíńtà méjèèjì dojú kọ, wọ́n sì yanjú rẹ̀ lọ́nà kan náà. Kò sí ẹ̀rí pé àká ń ṣàfarawé ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé gbígbòòrò tó ní ìlà òpó méjì jẹ́ ọ̀nà ìkọ́lé tí àwọn ará Yúróòpù ìhà àríwá ti ń lò fún ibùgbé àti ẹran ọ̀sìn kí ẹ̀sìn Kristi tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Láàárín àwọn ògiri gígùn méjèèjì, ìloro kan dojú kọ ìkejì. Ibí ni iṣẹ́ ti fara hàn jù lọ. Kẹ̀kẹ́ tó kún fún ìtí ọkà a gba ìloro kan wọlé, wọn a já ẹrù rẹ̀ sí apá ọ̀tún àti apá òsì, a sì gba ìloro kejì jáde, nítorí yíyí màlúù àti kẹ̀kẹ́ padà nínú ilé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Nígbà tí ìkórè bá parí tí ilé bá kún, àyè àárín tó ṣẹ́ kù a di ilẹ̀ ìpakà. Látìgbà náà títí di ìgbà ìrúwé, àwọn ọkùnrin a máa fi igi ìpakà lu ọkà, lójoojúmọ́, ní ọwọ́ kan sí òmíràn. Tí wọ́n bá ti pa á tán, wọn a ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀, afẹ́fẹ́ a gba àárín kọjá, wọn a da ọkà sókè, ìyàngbò a fẹ́ lọ, ọkà a sì bọ́ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ilé náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun èlò iṣẹ́. Ẹ tún wo ihò tóóró tí irú ògiri àká báyìí máa ń ní: afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ráyè wọlé, nítorí ìtí tó bá wọlé pẹ̀lú ọ̀rinrin a máa gbóná láti inú, ó lè bu, ó tilẹ̀ lè gbiná. Lókè ìloro ìwọ̀-oòrùn ni yàrá kékeré kan wà, èyí tí Horn àti Born rí gẹ́gẹ́ bí ọ́fíìsì arákùnrin tó ń bójú tó oko. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa ka kẹ̀kẹ́ tó ń wọlé. Ẹni tó bá fi ìwé ìṣirò 1269 sọ́kàn tó wo yàrá yìí yóò rí ibi tí irú iye inú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń wá: ojú kan lókè, kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀, àti ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ohun gbogbo gbọ́dọ̀ gbà wọlé.

Ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dúró. Ní 1538 Ọba Henry Kẹjọ gba Beaulieu lọ́wọ́ àwọn mọ́ǹkì. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà níbẹ̀, wọ́n sì kó òkúta rẹ̀ lọ kọ́ odi ogun sétí òkun, Calshot sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń fi àká wé kò sí mọ́, ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìkan la lè fẹsẹ̀ tọ̀ lórí koríko. Àká ní tirẹ̀ yí ọwọ́ padà sí àwọn onílẹ̀ mìíràn, kò sì sẹ́ni tó ronú láti wó o, torí pé ọkà ṣì nílò ilé bí mọ́ǹkì bá tilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwúlò tó gba àká là kò ní àánú. Ní St Leonards, nítòsí Beaulieu fúnra rẹ̀, àwọn mọ́ǹkì kan náà ní àká tó tóbi ju ti Coxwell lọ, tó gùn ju 200 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Òrùlé rẹ̀ ti lọ tipẹ́, wọ́n kọ́ àká kékeré kan sáàárín ògiri rẹ̀ tó ṣẹ́ kù, nítorí pé oko tó wà níbẹ̀ kò nílò ilé tó tó yẹn mọ́. Ní Cholsey, ní ẹkùn kan náà pẹ̀lú Coxwell, àká àwọn mọ́ǹkì Reading gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 303, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìlọ́po méjì ti Coxwell. Wọ́n wó o ní 1815. Ẹ̀kọ́ tí mo rí fà yọ ni pé ìwúlò nìkan ló dá àká sí fún ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà, ọjọ́ tí ìwúlò bá sì tán, àká kò ní alágbàwí. Ọjọ́ yẹn ti dé báyìí fún gbogbo wọn. Nítorí náà ni ìdí tí a fi ń tọ́jú wọn ṣe gbọ́dọ̀ ṣe kedere.

Thomas Hardy gbìyànjú láti fún wa ní ìdí kan nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ Far from the Madding Crowd, tó jáde ní 1874. Ó ṣàpèjúwe àká ńlá kan tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn, ó sì fi hàn pé ṣọ́ọ̀ṣì àti odi ogun ti kọjá ìgbà wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ àká ni wọ́n ṣì ń ṣe nínú rẹ̀. Èrò tó dùn mọ́ni ni, mo sì mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ bá ìtàn mu. Andrew Meikle ti ṣe ẹ̀rọ ìpakà ní Scotland ní 1786, ẹ̀rọ náà sì gba iṣẹ́ inú àká lọ́wọ́ ènìyàn. Ìpakà ló ń fún alágbàṣe lóúnjẹ nígbà òtútù, nígbà tí kò sí iṣẹ́ mìíràn lóko. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1830, àwọn alágbàṣe ní Kent bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀rọ ìpakà. Àwọn kan ń fi lẹ́tà ìhàlẹ̀ ránṣẹ́ sí olóko pẹ̀lú orúkọ Captain Swing, ẹni tí kò sí níbikíbi. Ní oṣù kọkànlá, rògbòdìyàn náà ti dé Berkshire, ẹkùn tí Great Coxwell wà nínú rẹ̀ títí di 1974. Wọ́n so William Winterbourne ará Kintbury, ní gúúsù ẹkùn náà, kọ́ ní Reading ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1831. Káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn 19 ni wọ́n pa, wọ́n sì fi ọkọ̀ òkun kó àwọn tó tó 500 lọ sí ìgbèkùn ní Ọsirélíà. Ilẹ̀ ìpakà tó wà láàárín ìloro méjì ni wọ́n ń jà fún. Àká tó dà bíi pé kò sí ohun tó yí padà nínú rẹ̀ ti jẹ́ ibi tí ayé ẹlòmíràn ti dorí kodò.

Èyí gbé àtakò tó le jù lọ wá sójú ọ̀nà. Àwọn kan yóò béèrè pé, kí ló dé tí a fi ń bọlá fún ilé tí òógùn tálákà kún, tí mọ́ǹkì kó èrè rẹ̀ lọ, tí onílẹ̀ wá jogún rẹ̀? Àtakò yìí ní òótọ́ nínú, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a bá wó àká. Ìwé ìṣirò yóò ṣì wà, ìwé ìṣirò sì jẹ́ ti olówó: ó sọ iye ọkà, kò sọ bí a ṣe rù ú. Orúkọ ọba tó fúnni nílẹ̀ yóò ṣì wà, orúkọ mọ́ǹkì àgbà náà yóò ṣì wà. Àwọn tí kò ní ìwé nìkan ni yóò pàdánù ẹ̀rí wọn. Ibi ìpakà tí ó gba ìwọ̀n apá ọkùnrin tó ń ju igi, ìga tí wọ́n ní láti ju ìtí dé, ojú òpó tí àáké gbẹ́, ọ̀nà tó jìn láti ìloro dé igun ilé tí wọ́n ń gbé ẹrù lọ, nǹkan wọ̀nyí ni àkọsílẹ̀ àwọn tí kò mọ ìwé kọ. Ẹni tó bá kórìíra ìyanjẹ ló yẹ kó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ní kí àká dúró, kí a sì sọ gbogbo ìtàn rẹ̀, ti yàrá òkè àti ti ilẹ̀ ìpakà.

Àtakò kejì jẹ́ ti ọlọ́gbọ́n orí tó ń ronú nípa owó. Ẹ̀rọ ìkórè òde òní ti ń pakà lójú oko, ilé irin ni wọ́n ń kó ọkà sí, tírélà kò sì lè gba ìloro 1292 wọlé. Ilé tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí ló dé tí a kò lè sọ ọ́ di ibùgbé ènìyàn? Fún àká kéékèèké tó wà káàkiri oko Gẹ̀ẹ́sì, mo gbà pé ìdáhùn lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Láti 2014 ni òfin ti gbà kí olóko sọ irú ilé oko bẹ́ẹ̀ di ilé gbígbé láìtọrọ ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní kíkún, ó sì sàn kí ènìyàn gbé inú àká ju kí òrùlé rẹ̀ wó bí ti St Leonards lọ. Àmọ́ ohun tí ìyípadà yìí ń pa kò ṣeé sọ di kékeré. Ohun pàtàkì nínú àká ni àyè kan ṣoṣo tí kò ní ìdènà. Ẹni tó bá fi àjà sí i, tó yà á ní yàrá, tó dá fèrèsé sára ògiri rẹ̀, yóò ní òpó àtijọ́ nínú pálọ̀ rẹ̀, kò ní ní àká. Kò sẹ́ni tó tún lè dúró síbẹ̀ kó lóye ìdí tí òpó fi ga tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni òfin 2014 náà ṣe yọ àwọn ilé tó wà nínú ìwé ààbò ìjọba sílẹ̀, Great Coxwell sì wà ní ipò kìn-ín-ní nínú ìwé yẹn. Olówó rẹ̀ ìkẹyìn tó jẹ́ ènìyàn kan ṣoṣo, Ernest Cook, ọmọ ọmọ Thomas Cook oníṣòwò ìrìn-àjò, fi í sílẹ̀ fún National Trust, ọwọ́ wọn ló sì ti wà láti 1956. Ní ti pé ọjà ni kó pinnu iye tí àká jẹ́, ẹ wo àká onígi ti Harmondsworth lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú Heathrow, tí wọ́n kọ́ ní 1426, tó sì gùn ju ti Coxwell lọ. Ní 2011, £20,000 ni wọ́n rà á fún ìtọ́jú gbogbo ènìyàn. Owó yẹn kò lè ra ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjà kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń díye lé ẹ̀rí.

Ó ku bí a ṣe ń ṣètọ́jú, níbi tí mo tún ti padà fara mọ́ Morris. Ní 1877 ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ààbò àwọn ilé àtijọ́, nítorí inú bí i sí àwọn ayàwòrán ilé tó ń fọ́ iṣẹ́ ọ̀rúndún tó pẹ́ kúrò lára ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n lè dá a padà sí bí wọ́n ṣe rò pé ó rí tẹ́lẹ̀. Ìlànà ẹgbẹ́ náà ni pé kí a máa tún ohun tó bàjẹ́ ṣe díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí a má ṣe purọ́ ọjọ́ orí fún ilé. Great Coxwell fúnra rẹ̀ ni ìlànà yìí wúlò fún jù. Ilẹ̀kùn ńlá tó wà ní ìparí ilé méjèèjì kì í ṣe ti mọ́ǹkì, ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n fọ́ ògiri láti ṣe wọ́n, kí kẹ̀kẹ́ tó tóbi sí i lè wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kàtídírà yóò fẹ́ kí a dí wọn pa. Ẹni tó bá fẹ́ àká yóò fi wọ́n sílẹ̀, nítorí wọ́n fi hàn pé oko ń yí padà, pé kẹ̀kẹ́ ń tóbi sí i, pé àwọn tó ń lò ó kò kà á sí ohun mímọ́ tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn. Bákan náà, òkúta òrùlé tó bá fọ́ ni kí a pààrọ̀, kì í ṣe gbogbo òrùlé. Àpòpọ̀ ẹfun àti yanrìn ni kí a fi dí oríkèé ògiri, kì í ṣe sìmẹ́ńtì, torí sìmẹ́ńtì a máa há ọ̀rinrin mọ́ inú òkúta ẹfun títí yóò fi rún.

Àwọn àká tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan ló ń kó ìdààmú bá mi ju èyí tó gbajúmọ̀ yìí lọ. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò di ilé gbígbé, kò sì sí ẹni tó lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ohun tí ó yẹ kí àwọn ìgbìmọ̀ agbègbè béèrè lọ́wọ́ olóko kó tó fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn kò pọ̀: kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n yà á ní fọ́tò, kí wọ́n sàmì sí ibi tí ilẹ̀ ìpakà wà àti ilẹ̀kùn tó dojú kọ ara wọn, kí wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ náà sí ilé ìpamọ́ ìwé ẹkùn wọn kí àwọn bíríkìlà tó wọlé.